Ìkéde Lórí Ẹ̀rọ Ayanja Baálẹ̀ àti Ààrò Ìyá Ojúọlápé

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Abẹ́-Èéfín, mo ní ẹ gbọ́ o! Ẹni tó ń gúnyán, kó gbé ọmọ odó sílẹ̀! Ẹni tó ń bá aya rẹ̀ jà, kó dá ìjà dúró díẹ̀, tí mo bá kọjá tán kó máa bá a lọ! Ẹni tó ṣì ń sùn títí di àsìkò yìí, kó máa sùn lọ, irú wọn kì í gbọ́ràn tẹ́lẹ̀! Agogo tó ń dún yìí kì í ṣe agogo ilé ìwé, kì í sì í ṣe agogo oníbúrẹ́dì. Agogo Baálẹ̀ ni! Èmi Lámíkanra ni mò ń lù ú. Ẹsẹ̀ ń dùn mí, oòrùn sì ti ń mú, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ní kí n tún ọ̀rọ̀ sọ.

Baálẹ̀ Máyùngbé kí yín. Ó ní ṣé ẹ jí ire? Ó ní òun ò jí ire. Ó ní oorun ò kun òun láti ọjọ́ mọ́kàndínlógún sẹ́yìn. Kì í ṣe ọ̀nà ọjà tó ti di kòtò ló ń lé oorun lójú rẹ̀ o. Kì í ṣe ẹ̀rọ omi ìlú tó ti gbẹ láti ọdún tó kọjá. Rárá! Ìwọ̀nyẹn kéré. Baálẹ̀ kì í fi oorun rẹ̀ ṣòfò lórí ohun tó kéré. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni pé, ṣé kí òun fi ẹ̀rọ ayanja òun ṣe pààrọ̀ èyí tó tóbi jù ú lọ, tó sì wọ́n jù ú lọ, àbí kí òun má ṣe pààrọ̀?

Mo tún un sọ! Ṣé kó pààrọ̀, àbí kó má pààrọ̀!

Bó bá pààrọ̀ rẹ̀, ààrò amọ̀ Ìyá Ojúọlápé tó wà lábẹ́ igi ọ̀dán máa wó, nítorí ibẹ̀ nìkan ló fẹ̀ tó ibi tí ẹ̀rọ ńlá náà lè dúró sí. Bí kò bá pààrọ̀ rẹ̀, ojú á ti Baálẹ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ibi tọ́rọ̀ dé dúró nìyẹn. Ẹ wá gbọ́ òfin.

ÒFIN KÌÍNÍ! Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n bá dárúkọ ẹ̀rọ ayanja. Ẹni tí ẹ̀rín bá fẹ́ pa, kó sáré wọ oko lọ rín in, kó rín in tán níbẹ̀, kó nu ẹnu kó tó padà wálé. Ẹni tí a bá rí eyín rẹ̀ níta, eyín yẹn náà ni yóò fi já okùn ẹnu àpò mẹ́wàá ní agbo ilé Baálẹ̀!

Mo rí ìwọ tó o wà lẹ́yìn òpó yẹn o. Mo rí ọ.

Ẹ̀yin àlejò tó wọ̀lú lánàá, ẹ sún mọ́ mi kí n là yín lóye. Iṣẹ́ ẹja ni ìlú yìí ń ṣe. Ẹ̀yìn ilé tẹ́ ẹ bá yà sí, adágún ẹja àrọ̀ lẹ máa bá ńbẹ̀. À ń sìn ín, à ń yan án, à ń tà á fún àwọn tó ti ìlú ńlá wá. Igi ayín nísàlẹ̀, àwọ̀n irin lókè, ẹja tí a ká, tí a fi ìrù rẹ̀ bọ̀ ọ́ lẹ́nu, àti omi lójú ẹni tó ń yan án. Èéfín náà ló fún wa lórúkọ. Bàbá Baálẹ̀ yan ẹja bẹ́ẹ̀, bàbá bàbá rẹ̀ yan ẹja bẹ́ẹ̀, wọ́n sì kú sórí oyè láìsí pé ẹnikẹ́ni bú wọn.

Èyí ò tẹ́ Baálẹ̀ tiwa lọ́rùn. Lọ́dún tó kọjá, ó lọ sílùú ńlá lọ ra bàtà, ẹ̀rọ ló gbé bọ̀. Ẹ̀rọ náà dúdú kirimú. Ó ní ìdérí, ó ní kọ́kọ́rọ́, ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, táyà sì wà nídìí méjì nínú ẹsẹ̀ náà. Kì í jẹ igi o. Hóró ló ń jẹ! Ẹ jẹ́ n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe hóró náà, torí ó dùn mí dé egungun. Wọn á lọ gbá èérún pákó ní sọ́míìlì, wọn á fún un mọ́ra, wọn á gé e wẹ́wẹ́ bí ìka ọmọ ọwọ́, wọn á dì í sínú àpò funfun, wọn á wá tà á fún ẹni tí igbó yí ilé rẹ̀ ká. Ẹni náà á san owó, á sì dúpẹ́. Iná mànàmáná á máa ti hóró yìí wọ inú iná ní díẹ̀díẹ̀, ẹja á máa jinná, ẹni tó ni ín á káwọ́ lẹ́yìn.

Ohun tó wú Baálẹ̀ lórí jù ni ẹ̀jẹ́ tí ẹni tó ta ẹ̀rọ fún un jẹ́. Ó ní ẹ̀rọ yìí kì í ta ojú. Ó ní kò sí ẹni tó máa dúró nídìí rẹ̀ tí omi máa bọ́ lójú rẹ̀ láé. Láé! Baálẹ̀ bá wọ agbádá funfun, ó gbé àga sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, ó ń yan ẹja méjì méjì láràárọ̀, ojú rẹ̀ gbẹ bí ojú ère. Oṣù méje gbáko ló fi gbádùn ara rẹ̀ báyìí. Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ ló ń bu hóró, Àwẹ̀ró ló ń gbá eérú, Àwẹ̀ró ló ń fọ àwọ̀n, Baálẹ̀ ló ń gba oríyìn.

Ìgbà tó yá ni wọ́n wá ṣí ẹ̀rọ omi tuntun ní Ìsàlẹ̀-Ìrókò, wọ́n pe Baálẹ̀ wa kó wá báwọn yọ̀. Ó lọ. Omi ń tú yàà níwájú rẹ̀, kò wo omi. Àwọn obìnrin ń jó, kò wo ijó. Ẹ̀yìn ilé Baálẹ̀ Ṣóyọyè tó ni ìlú wọn ló ń wò. Ẹ̀rọ ayanja kan ló dúró síbẹ̀! Ó tóbi ní ìlọ́po méjì tiwa! Ilẹ̀kùn méjì ló ní, ó ní fèrèsé onígíláàsì, iná wà nínú rẹ̀, ẹja ń jinná, ẹ̀ ń wò ó bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n. Èyí tó wá burú jù, tí ẹja bá jinná, ẹ̀rọ náà á tẹ olówó rẹ̀ láago. Ẹ gbọ́ mi? Ẹja á pe èèyàn lórí fóònù! Àwọn ọmọ tiwa tó wà lájò, ta ni wọ́n ń pè? Ẹja ló wá ń pe Baálẹ̀ Ṣóyọyè.

Wọ́n fún Baálẹ̀ wa ní ẹja níbẹ̀. Ó jẹ ẹ́, ó ní ó dùn, ojú rẹ̀ sì korò bí ẹni mu ewúro. Nígbà tó délé, ó pe Àwẹ̀ró. Ó ní Àwẹ̀ró, ẹ̀rọ wa kéré. Àwẹ̀ró ní kéré sí kí ni, Bàbá Ọládoyin? Ó ní ẹja méjìlá ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan, ẹni mẹ́rin la sì jẹ́ nínú ilé. Baálẹ̀ ní obìnrin ò mọ ohun tó ń jẹ́ ipò. Àwẹ̀ró ní òótọ́ ni, òun ò mọ̀ ọ́n, hóró lòun ń bù.

Àwọn ìjòyè jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹ wo bí wọ́n ṣe fara ṣiṣẹ́! Lọ́jọ́ kìíní, wọ́n ní kí Baálẹ̀ rà á, torí ó máa fi ìyì kún ìlú. Lọ́jọ́ kejì, Baálẹ̀ fa ojú ro, ó ní ó wọ́n o, wọ́n ní ẹnu rẹ̀ ni àwọn ti ń gbọ́ ọ, kó má rà á. Lọ́jọ́ kẹta, Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n ní àwọn ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé kó rà á. Lọ́jọ́ kẹrin, Baálẹ̀ sín, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí sísín náà túmọ̀ sí, wọ́n bá tú ká. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó tú ká, wọ́n ti ṣòfin méjì.

ÒFIN KEJÌ! Nígbà tí ẹ̀rọ Baálẹ̀ bá ń jẹun, kí ẹnikẹ́ni má lọ aṣọ. Kí ẹnikẹ́ni má tan fíríìjì. Kí ẹnikẹ́ni má gba iná sí fóònù. Iná tó ń wá ní wákàtí méjì lójúmọ́, ẹja Baálẹ̀ ló ni ín. Ẹni tí a bá bá aṣọ gbígbóná lára rẹ̀, yóò wọ aṣọ rírún fún oṣù mẹ́ta, títí kan ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀!

ÒFIN KẸTA! Kí ẹnikẹ́ni má pe ẹ̀rọ náà ní àdògán. Kí ẹnikẹ́ni má pè é ní sítóòfù. Ẹni tó pè é ní pósí Baálẹ̀ lọ́jọ́ ọjà, à ń wá a. À ń wá a kíkankíkan! Orúkọ rẹ̀ ni Ẹ̀rọ. Tẹ́ ẹ bá ń kọjá níwájú rẹ̀, ẹ kí i. Ẹ ní ẹ kú iná o. Kò ní dáhùn, ẹ má bínú, ó tóbi jù yín lọ.

Ẹ jẹ́ n mumi.

Ẹ gbọ́ o! Ibi tọ́rọ̀ ti wá le nìyí. Ẹni tó ń ta ẹ̀rọ rán iṣẹ́ wá pé òun máa gbé èyí tó tóbi bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ìyẹn òní, òun á sì kó èyí tó kéré lọ. Ó ní kí wọ́n ti rọ sìmẹ́ǹtì sílẹ̀ dè é. Wọ́n wọn ìdí ilé, kò gbà á. Wọ́n wọn ẹnu ọ̀nà, kò gbà á. Wọ́n wọn abẹ́ igi ọ̀dán, ó gbà á pẹ́kípẹ́kí. Abẹ́ igi ọ̀dán ni ààrò Ìyá Ojúọlápé wà.

Ẹ̀yin àlejò, ẹ tún gbọ́ èyí. Nílùú yìí, ẹni tó ni ààrò ló ni àárín ààrò. Etí rẹ̀, gbogbo ìlú ló ni ín. Opó tí kò nígi, kó gbé ẹja rẹ̀ wá sí etí ààrò. Tíṣà tí ìjọba gbé wá, tí yàrá kan ṣoṣo ń bẹ fún, kó gbé tirẹ̀ wá. Àlejò tí kò mọ ẹnì kan, kó gbé e síbẹ̀ kó máa lọ. Ìyá Ojúọlápé á bá a yí i, á sọ òkè rẹ̀ di ìsàlẹ̀, kò ní béèrè pé ta ló ni ín. Ẹja tèmi náà máa ń wà níbẹ̀, mi ò ní purọ́. Àwọn baba wa sì ti wí i pé a kì í wó ààrò tí ẹja ẹlẹ́ja wà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá wó o, iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn ló jẹ, kò sì sí ẹni tó máa bá a jẹun mọ́ títí ayé rẹ̀.

Ogójì ọdún ó lé ni màmá yìí ti ń dáná níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí, Baálẹ̀ kọ́ ló rán mi, èmi ni mo fi kún un, tí wọ́n bá fẹ́ gba agogo lọ́wọ́ mi kí wọ́n wá gbà á. Ọmọ ọdún méje ni Baálẹ̀ nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Bàbá rẹ̀ ń bẹ nídìí adágún láti òwúrọ̀ dalẹ́, kò sẹ́ni tó ń wo ọmọ náà lẹ́nu. Ó wá ń mú ẹja kékeré kan wá sí etí ààrò lójoojúmọ́, apá ibi tí igi ọ̀dán ti ń ṣíji bò ó. Ìyá Ojúọlápé ń yí i fún un. Lọ́jọ́ tí kò bá rí ẹja mú wá, ó ń bá ẹja kan níbẹ̀ náà ṣá, kò sì mọ ẹni tó gbé e síbẹ̀. Etí ààrò yẹn ló tọ́ ọ dàgbà. Gbogbo àgbà ìlú yìí ló mọ̀ ọ́n. Gbogbo wọn ló sì jókòó nípàdé lẹ́ẹ̀mẹrin, tí ẹnu wọn wúwo bí òkúta.

Wọ́n lọ sọ fún màmá pé wọ́n máa wó ààrò. Ó ní ó dáa. Ó ní kí ẹja Tíṣà gbẹ ná. Ó tọ́ kó bú wọn, kò bú wọn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi wọ́n. Ó ní ẹ̀rọ tó ń bọ̀ yìí, ibo ni etí rẹ̀ wà? Àwọn ìjòyè wo ara wọn. Wọ́n lọ yí èyí tó kéré ká lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n lè mọ̀. Ìdérí ni wọ́n rí. Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n rí. Wọ́n padà wá sọ fún un pé ẹni tó ń tà á máa ṣàlàyé.

Nítorí ẹja ẹlẹ́ja tó wà lórí ààrò ni Baálẹ̀ ṣe rán mi jáde lọ́jọ́ Ajé. Ẹ rántí. ÒFIN KẸRIN! Kí gbogbo ẹni tí ẹja rẹ̀ wà ní etí ààrò Ìyá Ojúọlápé lọ kó o kúrò kí ilẹ̀ Ọjọ́rú tó ṣú. Ẹni tí kò bá kó o, a ó gba adágún rẹ̀! Mo ké e. Ohùn mi ò já gaara lọ́jọ́ náà, ẹ̀yin náà ṣàkíyèsí. Ẹ sì lọ kó o, gbogbo yín! Ẹ ò jiyàn. Tíṣà kó tirẹ̀ sínú ìwé ìròyìn ní tútù. Èmi náà kó tèmi, ojú ń tì mí. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, etí ààrò ṣófo. Iná ń jó lábẹ́ rẹ̀ lásán, màmá jókòó tì í, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ mọ́, ìyẹn àná. Àwọn bíríkìlà méjì ti dúró pẹ̀lú dígà. Baálẹ̀ ní kí wọ́n ṣe sùúrù, òun fẹ́ fi ẹ̀rọ kékeré náà yan ẹja ìdágbére fún ìlú, kí gbogbo èèyàn lè tọ́ ìgbàlódé wò kí ààrò tó wó. Ó ní òun ò fọkàn tán ẹnikẹ́ni nídìí iṣẹ́ pàtàkì yìí. Ó gba kọ́kọ́rọ́ yàrá ìkẹ́rù lọ́wọ́ Àwẹ̀ró. Àwẹ̀ró ní kó jẹ́ kí òun tẹ̀ lé e lọ o, ohun kan wà nínú yàrá náà tó yẹ kó mọ̀. Baálẹ̀ ní kí ló wà níbẹ̀ tí Baálẹ̀ ò mọ̀? Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin ẹlẹ́ja, ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Òfin Kìíní o!

Àpò méjì ló wà níbẹ̀. Funfun ni méjèèjì. Hóró ló wà nínú méjèèjì. Hóró méjèèjì ló dà bí ara wọn, pọ́nrán pọ́nrán, àwọ̀ kọfí. Ọ̀kan ni hóró igi tí Ẹ̀rọ ń jẹ. Èkejì ni fíìdì tí ẹja ń jẹ. Ọwọ́ ọ̀tún ni Àwẹ̀ró máa ń gbé fíìdì sí, òun nìkan ló sì mọ̀, torí òun nìkan ló ń bù ú. Baálẹ̀ bu abọ́ kan níbí, ó bu abọ́ kan lọ́hùn-ún. Ó kọ́kọ́ lọ sídìí adágún rẹ̀, ó da abọ́ kìíní fún ẹja bó ṣe máa ń dà á láràárọ̀. Ó padà wá, ó da abọ́ kejì sínú Ẹ̀rọ. Ó tan iná. Ó wọ agbádá funfun.

Ẹ̀rọ tí kì í rú èéfín, ó rú èéfín! Ó dúdú, ó nípọn, ó ń ta yọ̀ọ̀. Òórùn rẹ̀ dé ọjà. Ajá gbogbo tó wà ní àdúgbò dìde, wọ́n gbọ́ òórùn náà, wọ́n wá síbi tí ẹja wà, wọ́n tún fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Àwọn ìjòyè kò sá lọ. Wọ́n jókòó! Wọ́n na abọ́! Baálẹ̀ fún wọn ní ẹja. Ọ̀kan bu ún jẹ, omi jáde lójú rẹ̀, ó ní háà, bí òkè òkun ṣe ń dùn nìyí. Èkejì ní adùn rẹ̀ jinlẹ̀, pé èèyàn ní láti fara balẹ̀ kó tó lè gbọ́ ọ. Ẹ̀kẹta ò lè sọ̀rọ̀, ó ń fi orí dáhùn, ó di ẹnu mú. Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ jẹ ẹyọ kan. Ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì.

Ìyá Ojúọlápé wà nídìí ààrò rẹ̀. Kò dìde. Ó kàn fa imú. Ó wá pe Baálẹ̀ ní orúkọ tí ẹnikẹ́ni ò pè é mọ́ láti ọjọ́ tó ti joyè. Ó ní Àjàmú. Ó ní Àjàmú, fíìdì lo fi ń yan ẹja.

Baálẹ̀ wo Ẹ̀rọ. Ó wo ìjòyè tó ní òkè òkun ló dùn báyẹn. Ó wá rántí adágún rẹ̀, ó sáré, agbádá ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Hóró igi ti wú nínú omi, ó ti tú, ojú adágún ti di ògì. Àwọn ẹja yọ ẹnu jáde nínú rẹ̀, wọ́n ń wò ó. Èmi wà níbẹ̀. Ẹja ò ní ojú tí wọ́n fi ń gàn èèyàn, àmọ́ wọ́n gbìyànjú.

Nígbà tó padà dé, àwọn ìjòyè ti rántí iṣẹ́ tí wọ́n ní nílé. Gbogbo wọn pátá! Àwọn bíríkìlà nìkan ló kù, ní ìdí dígà wọn. Ọ̀kan bi í pé Bàbá, ṣé ká máa wó o? Etí ààrò ṣófo, òfin ò dè wọ́n mọ́. Baálẹ̀ kúrò níbẹ̀, ó wọ inú adágún rẹ̀ dé orúnkún pẹ̀lú agbádá náà, ó mú ẹja àrọ̀ kan, kékeré. Ó fi iyọ̀ bó o fúnra rẹ̀. Ó ká a, ó fi ìrù rẹ̀ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ó fa fìlà bo ojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bọ̀ wá sí abẹ́ igi ọ̀dán.

Ìyá Ojúọlápé sún díẹ̀. Kò bi í pé ta ló ni ẹja. Ó kàn ní gbé e síbi tó o máa ń gbé e sí.

Ó gbé e síbẹ̀. Apá ibi tí igi ọ̀dán ti ń ṣíji bò ó. Ó lóṣòó tì í bí ọmọdé. Àwọn bíríkìlà wo ẹja, wọ́n wo ara wọn, wọ́n gbé dígà wọn, wọ́n lọ. Bí mo bá sọ pé inú mi ò dùn, irọ́ ni mo pa.

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ àṣẹ tuntun tó jáde láàárọ̀ yìí!

ÒFIN KẸRIN ti kú! Ẹ lọ sin ín. Kí Tíṣà tú ẹja rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn.

ÒFIN KARÙN-ÚN! Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ wó ààrò Ìyá Ojúọlápé, torí ẹja ẹlẹ́ja wà lórí rẹ̀. Ẹja ta ni? Àṣẹ ni pé kí ẹnikẹ́ni má béèrè! Ìgbà wo ni yóò gbẹ? Màmá ní ó ku díẹ̀. Lọ́la, ẹ lọ bi í, á ní ó ku díẹ̀.

ÒFIN KẸFÀ! Baálẹ̀ ṣì ń ronú o! Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kò ra ẹ̀rọ ńlá. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ó rà á. Ẹni tó ń tà á ti dé láàárọ̀, Àwẹ̀ró ti fún un lẹ́kọ mu, ó ti yí ọkọ̀ rẹ̀ padà. Ẹ̀rọ kékeré kò ní lọ ibì kankan, torí adìyẹ Àwẹ̀ró ti yé ẹyin kan sínú rẹ̀ láàárọ̀. Ẹni tó bá ṣí ìdérí rẹ̀ kí adìyẹ tó pa ọmọ, yóò bá a sàba!

ÒFIN KEJE! Ìjòyè tó ní bí òkè òkun ṣe ń dùn nìyẹn, ẹja mẹ́jọ ló kù. Tirẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Kó jẹ ẹ́ tán.

ÒFIN KẸJỌ, òun ló kẹ́yìn, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ! Omi tó bọ́ lójú Baálẹ̀ nídìí ààrò lánàá, èéfín ló fà á. Mo mọ̀ pé iná ti rọlẹ̀ nígbà náà. Mo mọ̀ pé ẹ̀yinná pupa lásán ló kù lábẹ́ àwọ̀n, kò sì rú èéfín kankan tó tó ti sìgá. Mo mọ̀ pé ó pẹ́ kí omi náà tó dá, àti pé màmá fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún fún un. Èéfín ni! Àṣẹ ni! Èéfín ni! Ẹni tó bá pè é ní nǹkan mìíràn, yóò wá jókòó sídìí ààrò náà láti àárọ̀ dalẹ́, ká wo bí ojú tirẹ̀ náà ṣe máa gbẹ tó.

Mo ti kéde. Iṣẹ́ ẹrú ni wọ́n rán mi, mo ti fi tọmọ jẹ́ ẹ. Kí ẹni tó gbọ́ sọ fún ẹni tó ń sùn. Èmi Lámíkanra ń gbé agogo mi lọ sábẹ́ igi ọ̀dán, torí ẹja mi wà ní etí ààrò níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja kékeré kan tí mi ò mọ ẹni tó ni ín.